Abọ́ Omi Tí Ìyá Mojí Fi Sílẹ̀ ní Aṣálẹ̀

Láti ọjọ́ tí a ti padà dé Ṣakí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí: "Bàbá, ṣé ẹ rí yìnyín?" Rárá o, n kò rí yìnyín. Ooru ni mo rí. Mo dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ètè mi fi là bí ẹni pé ọyẹ́ ń jà, síbẹ̀ tí oòrùn ń jó orí mi bí ẹni pé mo dúró ti ẹnu ààrò. Ọyẹ́ tó ń jóni! Ta ló ti gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú yín? Ẹ jẹ́ kí n rọra tò ó fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná kó lọ sọ̀ ọ́ ná.

Ẹ mọ Mòjísọ́lá, àkọ́bí èmi àti ìyàwó mi. Ẹ̀yin tí ilé wa jọ kọjú síra mọ̀ pé láti kékeré ló ti máa ń tú fáànù mi wò, tí yóò sì tò ó padà kí n tó ti ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà dé. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ló wá kọ́. Ohun tó ń ṣe ní Amẹ́ríkà báyìí ni pé ó ń bá àwọn tó ni ilé ńláńlá wá ọ̀nà tí ilé wọn kò fi ní máa jẹ iná àti omi ní àjẹkì. Òun àti Délé ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Clinton, ní Prince George's County, ìpínlẹ̀ Maryland. Òun ló ránṣẹ́ pè wá. Ó ní, "Dádì, ẹ mú Mọ́mì wá, ẹ wá sinmi lọ́dọ̀ wa." Àwa kò mọ̀ pé òun gan-an ni ìsinmi jìnnà sí.

Àlejò kì í yan omi

N kò ní fi ọ̀rọ̀ bàálù dà yín láàmú. Ó gbé wa, ó sì sọ̀ wá kalẹ̀ láyọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Clinton ni ìdákẹ́jẹ́. Ilé tò lọ bẹẹrẹ, koríko iwájú wọn dọ́gba bí orí tí onígbàjámọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ṣùgbọ́n n kò rí ẹyọ ènìyàn kan tó jókòó síta. Mo ní, "Délé, ṣé ìlú yìí ń ṣọ̀fọ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Dádì. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n wà. Àwọn tó kù ń sùn kí wọ́n lè rí agbára lọ síbi iṣẹ́."

Ó mọ ohun tó ń sọ, nítorí nọ́ọ̀sì ni òun náà. Ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni òun àti Mojí ti ń pàdé, ọ̀kan ń jáde, ọ̀kan ń wọlé, wọn a kí ara wọn bí èrò ọkọ̀.

Bí a ti jókòó ni Mojí ṣí fíríìjì. "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ mu? Omi wà, júùsì wà, mo sì lè po tíì."

Ìyàwó mi wò ó. Ìyá Mojí ni gbogbo ayé ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ń pè é. Ó ní, "Ta lò ń bi?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Láti ìgbà wo ni àlejò ti ń yan omi? Wọ́n ń bù ú wá fún un ni."

"Mọ́mì, níbí wọ́n máa ń béèrè, kí wọ́n má baà fún èèyàn ní ohun tí kò fẹ́."

"Tí o bá bi mí, n ó ní n kò mu. Àgbà wo ló ń sọ fún onílé pé òùngbẹ ń gbẹ òun?"

Kí wọ́n tó parí rẹ̀, Délé ti bu omi sínú kọ́ọ̀pù, ó gbé e sórí tíréè, ó sì tẹ̀ ba níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìyá Mojí mu ún tán pátá. Ó ní, "O ṣeun, àna mi. Ìwọ, ilé ni wọ́n ti bí ọ."

Mojí ní, "Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ, a ṣì ń wádìí rẹ̀."

A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀rín Mojí kò dé ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni bàbá kan tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, tí kò ṣe ju pé kó na ìka sókè kí wa láti ibi tó ti ń gé koríko, gbé abọ́ alákàn wá fún wa. Wọ́n fi ooru omi gbígbóná sè é, wọ́n da ata pupa kan tó ní iyọ̀ lé e lórí. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ó fi òòlù onígi kékeré hàn wá bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò jókòó, kò sọ ju gbólóhùn méjì lọ. Bí ìwà wọn ti rí nìyẹn: ọ̀rọ̀ wọn kéré, ọwọ́ wọn ń ṣe é. A jẹ alákàn náà títí ata fi fa omi jáde lójú wa. Mojí kan ń fi òòlù kan èèpo lásán ni, kò jẹ ẹ́.

Ní Capitol Heights

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n gbé wa lọ sí ìjọ Áńgílíkà àwọn ọmọ Yorùbá ní Capitol Heights. Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ràn ìjọ yẹn. Obìnrin kan jókòó níwájú mi nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, tààrà láti ilé ìwòsàn ló ti wá. Láti ẹ̀kọ́ kìíní ló ti sùn lọ, kò sì sí ẹni tó jí i. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rọra ń kọrin ni. Ìgbà tí a ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán ni ẹnì kan fọwọ́ kan èjìká rẹ̀: "Sístà, ẹ dìde, ìsìn ti parí o." Obìnrin náà ní, "Àmín," ó dìde, ó lọ sílé. Mo rò ó pé àdúrà tirẹ̀ náà gòkè.

Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ jáde, Mojí jáde. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun bẹ Olúwa lórí iṣẹ́ òun. Ìyá Mojí fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Inú ọkọ̀ ni mo ti bi Mojí pé kí ló dé.

Ìgbà náà ló sọ ọ́. Ó ní ilé ọnà kan wà ní aṣálẹ̀, jìnnà réré sí apá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ibi tí wọ́n kó àwòrán àti ère sí kí ènìyàn máa wá wò. Ẹni tó kọ́ ọ fi gíláàsì ńlá kọjú rẹ̀ sí ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ńláńlá ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru láti lé ooru jáde, tí àwọn ẹ̀rọ mìíràn sì ń fọ́n omi sínú afẹ́fẹ́ kí inú ilé lè rí bí etí òkun.

"Ẹ wò ó, Dádì, omi wọn kéré. Kànga àwọn ará ìlú ń gbẹ. Ilé kan ṣoṣo sì ń mu tó abúlé."

Ohun tí Mojí dá lábàá ni pé kí wọ́n fi ìbòòji bo gíláàsì yẹn, kí wọ́n dí gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jò, kí ògiri tó nípọn máa fi òtútù òru pa ooru ọ̀sán, kí wọ́n sì pa àwọn ẹ̀rọ afọ́nmi. Kí inú ilé rọra máa bá ìgbà yí, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù kan ló wà níbẹ̀. Àwọn ère onígi wà nínú ilé náà, wọ́n sì ń sọ pé bí a bá pa ẹ̀rọ, igi á là.

"Ṣé ó máa là?" Ìyá Mojí bèèrè.

"Mọ́mì, igi kò bẹ̀rù gbígbẹ tó bó ṣe bẹ̀rù kí omi máa ṣàdédé wá, kí ó sì ṣàdédé lọ. Tó bá dúró sójú kan, kò ní là. Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn. Ọ̀gá mi kò fara mọ́ ọn, síbẹ̀ mo sọ ọ́." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Yàrá kan ṣoṣo, tí ère onígi kan wà nínú rẹ̀, ni wọ́n fún mi láti fi dán an wò. Tó bá dára, wọ́n á ṣe gbogbo ilé. Tí kò bá dára, wọ́n á ra ẹ̀rọ ńlá tuntun, èmi náà á sì wá iṣẹ́ mìíràn."

Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Yàrá kan, ère kan, àti ọmọ mi tí kò lè jẹ alákàn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó fẹ́ lọ wo yàrá náà fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi lọ. Tí mo bá rí yín níbẹ̀, àyà mi á balẹ̀."

Ọyẹ́ tó ń jóni

Nígbà tí ilẹ̀kùn pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀ ṣí, mo fà sẹ́yìn. Mo rò pé ẹnìkan ṣí ààrò sí mi lójú. Òkè àpáta pupa yí ìlú náà ká, igi ẹlẹ́gùn-ún tó ga ju ènìyàn lọ dúró gbagidi, ó na apá sókè bí olè tí ọlọ́pàá ká mọ́. Òógùn kì í jáde lára ènìyàn níbẹ̀. Ó ń jáde, wọ́n ní, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gbà á kí o tó rí i. Ìyá Mojí yọ ìgò òrí kékeré nínú báàgì rẹ̀, ó fi pa ètè tirẹ̀, ó fi pa tèmi ní gbangba níwájú àwọn èèyàn. Ó ní, "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìlú onílùú gbẹ yín bí ẹja."

Ní ọgbà ilé ọnà náà, ọkùnrin sẹkúríìtì kan ló pàdé wa, Raymond ni orúkọ rẹ̀. Ó ga, ó ti ń darúgbó, ó dé fìlà kan tí etí rẹ̀ gbòòrò. Kí a tó kí i tán, ó ti ki ọwọ́ bọ inú kúlà, ó fa ìgò omi tútù yọ, ó nà án sí ìyàwó mi, ó nà án sí mi. Kò bi wá ní nǹkan kan. Ó ní, "Níhìn-ín, kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́ ni kí o ti mu."

Ìyá Mojí yíjú sí Mojí. "Ṣé o rí i? Ẹni yìí mọ àlejò."

"Mọ́mì, mo ti gbọ́."

Obìnrin tó jẹ́ olórí ilé náà jáde wá, irun orí rẹ̀ funfun báláú. Ó bọ̀ wá lọ́wọ́, ó ní kí a máa pe òun ní Helen lásán. Ìyá Mojí ní, "Helen lásán kẹ̀? Ẹni tó jù mí lọ? N kò lè ṣe é." Títí a fi kúrò níbẹ̀, Ànńtí Helen ló ń pè é, obìnrin náà sì ń jẹ́ ẹ. Ó jọ pé ó dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń bá Mojí sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ojú rẹ̀ le. Ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé náà ń bọ̀ wá ṣèpàdé, ó ní, wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

Ìbòòji tí Mojí sọ ti wà lórí gíláàsì: pákó tínínrín tí wọ́n tò lé ara wọn, bí ẹní tí a so mọ́ ojú fèrèsé. Lẹ́yìn rẹ̀, o lè gbé ọwọ́ lé ògiri láìjóná. Láti wọ yàrá tí wọ́n ń dán wò, ilẹ̀kùn méjì la gbà kọjá, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré láàárín wọn. Wọ́n ń ti ọ̀kan kí wọ́n tó ṣí èkejì, kí ooru má baà tẹ̀lé ènìyàn wọlé bí ajá. Inú rẹ̀ dákẹ́. Kò tutù nini, kò sì gbóná. Ẹ̀rọ kékeré kan tó tó páálí ìṣáná wà lára ògiri, òun ló ń wọn omi inú afẹ́fẹ́, tó ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù Mojí níbikíbi tó bá wà.

Àárín yàrá náà ni ère wà. Ẹ̀yin ará, ọmọ wa ni. Obìnrin tó kúnlẹ̀ ni, ó ní ilà lójú, irun dídì, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó sì gbé abọ́ lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn baba wa ń gbé obì sí fún àlejò. Ìlà fífọ́ kan tó ti wà lára rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ gba orúnkún rẹ̀ gòkè lọ sí ìbàdí. Wọ́n fi àmì tínínrín sí ẹnu ìlà náà láti mọ̀ bí ó bá ń fẹ̀ sí i. Ara ògiri ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Yorùbá ni, àti pé a kò mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ìyá Mojí tẹ orúnkún díẹ̀. "Ẹ kú àtìpó o," ó kí i. Lẹ́yìn náà ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bàbá Mojí, ẹ wo abọ́ ọwọ́ rẹ̀. Òfìfo ni."

Mojí àti Ànńtí Helen ti jáde lọ wo orí òrùlé. Raymond lọ dúró ti ilẹ̀kùn ìta. Èmi rìn lọ sí igun yàrá, mo ń wo àwòrán òkè kan tí wọ́n fi ọ̀dà ṣe, mo sì kọ ẹ̀yìn sí ìyàwó mi. Ohun tó ṣe nígbà náà, n kò rí i. Ẹ máa gbọ́ ọ láìpẹ́.

Ìlà tó ń gòkè

A padà sí Clinton, afẹ́fẹ́ tó lómi nínú kí wa káàbọ̀, imú mi ṣí. Mojí dunnú nínú ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ìlà kò fẹ̀, yàrá dúró sójú kan. Ó ń kọrin pàápàá.

Orin náà kò pẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì pariwo. Ó fi hàn mí. Ìlà búlúù kan ló wà níbẹ̀, tó ti ń lọ gbọọrọ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ọ̀nà tí wọ́n dá ọ̀dà sí. Láti ọjọ́ tí a kúrò níbẹ̀ ló ti yíjú sókè, ó sì ń gun òkè lọ.

"Kí ni ìyẹn?" mo bèèrè.

"Omi ni, Dádì. Omi ń wọ yàrá náà. N kò mọ ibi tó ti ń wá." Ó fi ìka tọ ìlà náà lọ. "Bóyá láti abẹ́ ilẹ̀ ni. Bóyá ògiri ló ń fà á. Tó bá jẹ́ pé ògiri ni, gbogbo ohun tí mo sọ fún wọn, irọ́ ni."

Ó pe Ànńtí Helen, ojú obìnrin náà yọ lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti tú ìsàlẹ̀ ògiri wò láti ìta, wọn kò rí nǹkan. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣe tààrà: bí wọn kò bá mọ ìdí rẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, òun á ní kí wọ́n tan àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ padà, nítorí ère náà kò ṣeé fi ta tẹ́tẹ́. Mojí ní, "Mo gbà, mà." Ó pa kọ̀ǹpútà dé.

Délé ti ibi iṣẹ́ dé, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà, ó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ lé e ní èjìká. Ìyá Mojí wà ní kíṣìnì, ó ń ṣa ẹ̀wà, etí rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wa.

Ó ké sí wa láti ibẹ̀. "Mojí, omi yẹn, ṣé ó pọ̀?"

"Kò pọ̀, Mọ́mì! Ohun tó ń dùn mí nìyẹn! Mo ti ṣírò rẹ̀. Kò ju ohun tó lè wà nínú abọ́ kan ṣoṣo lọ!"

Ọwọ́ Ìyá Mojí dúró lórí ẹ̀wà. Ó nu ọwọ́ nù sára ìró, ó rọra rìn wá sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀.

"Abọ́ tó tóbi tó báwo?"

Abọ́ áísìkirimù

Ẹ mọ abọ́ áísìkirimù. Kò sí ilé tí kò sí, kò sì sí ilé tí áísìkirimù wà nínú rẹ̀. Róbó ni Ìyá Mojí kó sínú tirẹ̀ láti Ṣakí. A ti ń jẹ róbó náà lọ títí tó fi tán ní aṣálẹ̀. Nígbà tí mo kọ ẹ̀yìn sí i nínú yàrá yẹn, ó nu abọ́ náà, ó da omi tí Raymond fún un sínú rẹ̀, ó rẹ áńkáṣíìfù rẹ̀ sí i, ó fi í kọ́ ẹnu abọ́ bí a ti ń ṣe nínú yàrá nígbà ọyẹ́, ó sì tì í sẹ́yìn pátákó tí ère náà kúnlẹ̀ lé.

"Mọ́mì!" Mojí dìde. "Ẹ gbé omi sínú gálárì?"

"Ṣé kí n máa wò ó ni? Ọmọ ènìyàn dé ibi tó gbẹ báyẹn láti ọdún gbọọrọ wá, ta ló fún un lómi? Òun tó jẹ́ pé abọ́ àlejò ló gbé lọ́wọ́! Ara rẹ̀ ti là!"

"Igi ni, Mọ́mì!"

"Mo mọ̀ pé igi ni. Ṣé ojú ń dùn mí ni? Àga ilé wa ní Ṣakí, igi ni. Nígbà ọyẹ́, kí ni mo máa ń gbé sí abẹ́ rẹ̀?"

Délé yára ṣí fíríìjì, ó ki orí bọ̀ ọ́. Èjìká rẹ̀ ń mì. Mo mọ̀ pé kì í ṣe omi ló ń wá.

Mojí jókòó padà. Ẹ̀rín àti ẹkún ń jà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù tún bà á. Ó ní báwo ni òun ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún Helen? Wọ́n fún òun ní yàrá kan, òun mú ìyá òun wọ̀ ọ́, ìyá òun sì bomi sí i. Wọ́n á ní ọmọdé ló ń ṣeré.

Délé yọ orí jáde. "Ẹ jẹ́ kí a pe Raymond jẹ́jẹ́. Kó gbé abọ́ náà kúrò. Ìlà á sọ̀ fúnra rẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Mo wo Mojí, Mojí wo ilẹ̀. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ẹ́ wọ̀ ọ́ létí.

Ìyá Mojí ní, "Rárá o, Délé. Wọn yóò máa wá ihò tí kò sí lára ògiri títí ayé. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, èmi ni n ó sọ ọ́. Mojí, pe Ànńtí Helen."

Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó tún gèlè wé, ó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Mojí ló ń túmọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyá Mojí sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ìkankan kúrò. Ó ní nílé wa, omi la kọ́kọ́ ń fún ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Òun wo ère náà, òun rí ẹni tó ti ilé òun wá, òun kò lè kọjá lára rẹ̀ báyẹn. Ó ní bí òun bá bà á jẹ́, kí wọ́n dárí jì òun, kí wọ́n má fi bá ọmọ òun wí.

Ànńtí Helen kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù, ó pe Raymond, ó sì gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ tẹ̀lé e lọ. A ń wo ọkùnrin náà lójú kọ̀ǹpútà bí ó ti ń ti ilẹ̀kùn kan kó tó ṣí èkejì, bí ó ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, tó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn pátákó. Ó gbé abọ́ áísìkirimù sókè. Omi tó kù nínú rẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́. Áńkáṣíìfù ìyàwó mi ń fì lẹ́nu rẹ̀, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè wà ní igun rẹ̀.

Ànńtí Helen ní, "Ẹ jẹ́ kí a dúró wo ìlà náà."

A dúró. Ẹ̀wà jóná lórí iná, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bínú. Títí di ìrọ̀lẹ́, ìlà náà ń lọ gbọọrọ lókè, bí ẹni tó ń ronú. Lọ́jọ́ kejì ó tẹ orí ba díẹ̀. Ó ń sọ̀, ó ń sọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, títí tó fi dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Ó sì dúró síbẹ̀. Wọ́n wo àmì tó wà lára ère: kò fẹ̀ rárá.

Mojí ń wò ó, ó gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ó pe obìnrin náà kí ó tó mí dáadáa. Ó ní, "Helen, abọ́ omi kan ṣoṣo ni, yàrá náà sì mọ̀ ọ́n. Ilé tó ń jò kò lè mọ abọ́ kan. Omi náà kò rí ibi gbà jáde kíá, ooru kò rí ibi wọlé, igi kò sì ṣí. N kò lè ronú kan ìdánwò tó dára tó báyìí."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tí Ànńtí Helen ti ń pa mọ́ra bú jáde, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní òun á sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó tún fi kún un, lọ́rọ̀ kan, pé kí ìyá má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́

Ìgbìmọ̀ gbà. Gbogbo ilé náà ni wọ́n máa ṣe, Mojí ni yóò sì darí rẹ̀. Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ọmọ mi sùn sórí àga pálọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ń fì nílẹ̀, ó ń han-an-run. Délé ní kí a jáde fún un. Ó gbé wa lọ sí Brandywine, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun sójú oko, tí ṣọ́ọ̀bù sì pọ̀ bí iyanrìn. A kò ra nǹkan. A kàn ń rìn kiri inú òtútù ẹ̀rọ wọn, Ìyá Mojí ń fọwọ́ kan aṣọ, ó ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ jẹ́ kó sùn." Mo rò pé èmi náà kò tíì mí kanlẹ̀ láti ọjọ́ Capitol Heights.

Ó ku díẹ̀ kí a padà wálé, ọ̀sán kan tí oòrùn mú gan-an, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó ń pín ẹrù kiri ni, òógùn ti bo ojú rẹ̀, ó gbé páálí kan lọ́wọ́. Mojí gba páálí náà. Lẹ́yìn náà, kò bi í ní ohun tó fẹ́ mu. Ó yípadà, ó bu omi tútù sínú kọ́ọ̀pù, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ọkùnrin náà wò ó, ó wo omi, ó mu ún lórí ìdúró láìmí. Èmi àti ìyàwó mi wo ara wa.

Abọ́ áísìkirimù ló wà nínú páálí. Raymond ló fi ránṣẹ́. Ó ti fọ áńkáṣíìfù, ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a sórí. Ìyá Mojí ṣí ìdérí rẹ̀. Dàbínù ló kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, títóbi, rírọ̀, tí wọ́n ń gbìn ní aṣálẹ̀ yẹn.

Mojí pe Raymond láti dúpẹ́. Ọkùnrin náà ní kò tọ́ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó ní bí òun bá dá abọ́ obìnrin padà lófìfo, ìyá òun àgbà yóò dìde nínú ibojì wá fa òun létí.

Mojí túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Mojí gbé abọ́ náà lé itan.

"Ta ló kọ́ Raymond ní ìwà yìí?" ó bi mí.

Mo ní, "Ìyá rẹ̀ àgbà. Ṣé o kò gbọ́ ni?"

Ó mú dàbínù kan, ó fún mi. Ó mú òmíràn, ó fún Mojí. Mojí jẹ ẹ́ tán, ó tún na ọwọ́.